Sàká, Nọ́ńbà Márùn-ún Pápá Tẹ́ńtà

Ibi ọ̀rọ̀ bàrà ni ká ti bẹ̀rẹ̀, torí láyé ìgbà yẹn, kò sí ọmọ Yorùbá kan ní Jídà àbí Mẹ́kà tí ò mọ ọ̀rọ̀ bàrà Sàká. Ọdún 1993 ni. Sàká ń tọjà bọ̀ ní Jídà, ó há bàrà olómi ràgàjì kan sí abíyá, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní hábháb. Àfi gbàà, àwọn Jawasáàtì já wọ àdúgbò, àwọn ọlọ́pàá tó ń wá ẹni tí ò níwèé ìgbélùú. Ayé fọ́n ká. Ẹni tó ń ta ata fi ata sílẹ̀. Ẹni tó ń gẹrun fún oníbàárà sá lọ, oníbàárà náà sì sá tẹ̀ lé e pẹ̀lú orí ààbọ̀. Sàká ki eré mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi bàrà sílẹ̀.

Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ikùn ń ṣáájú ẹ̀ lọ, ẹ wá wo eré! Ó yẹ ọlọ́pàá àkọ́kọ́ sọ́tùn-ún, ó yẹ ìkejì sósì. Ẹ̀kẹta ló fò mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, àwọn méjèèjì sì lulẹ̀ gbì níwájú ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì. Ẹlòmíì ì bá ti máa bẹ̀bẹ̀. Sàká ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó dìde, ó gbọn yẹ̀ẹ̀pẹ̀ kúrò lórúnkún, ó kọjú sí ọ̀nà tó ń lọ tẹ́lẹ̀, ó gbé bàrà kalẹ̀ jẹ́jẹ́ síwájú ẹsẹ̀ ẹ̀, ó wá fi gìgísẹ̀ yí i sẹ́yìn láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó pariwo: "Gbé e! Gbé e, kó o máa sá lọ!"

Ta ló wà lẹ́yìn ẹ̀? Ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá. Ọ̀gá sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé bàrà, kò mọ ìgbà tóun gbé e.

"Kí lèyí?" Ọ̀gá bi í ní èdè Lárúbáwá.

"Òfin ni," Sàká ní. "Tí wọ́n bá ti mú ẹ balẹ̀, o gbọ́dọ̀ dìde, kó o fẹsẹ̀ yí i sí ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ. Èmi ti ṣe tèmi. Ó ku tiyín."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí fìlà fi jábọ́ lórí ẹ̀. Ó ní kí bàbá yìí máa lọ sílé. Báyìí ni wọ́n ṣe fi Sàká sílẹ̀, wọ́n wá mú bàrà lọ.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni inú fi ń bí Sàká lórí ọ̀rọ̀ yẹn, kì í sì í ṣe torí pé wọ́n fẹ́ mú un. "Ọkùnrin yẹn gbé bọ́ọ̀lù tán," á ní, á máa mirí, "ó wá dúró! Kò sáré!"

Ọmọ Ìwó ni Sàká. Ọdún 1968 ló ti lọ sí ìlú òyìnbó, sí ìlú kékeré kan lápá àríwá níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òtútù. Hóòmúróìdì ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ìlú yẹn ní ẹgbẹ́ rọ́gíbì, rọ́gíbì ẹlẹ́ni mẹ́tàlá, ti àwọn tó ń fi ṣiṣẹ́ jẹun. Bọ́ọ̀lù wọn rí bí ìbẹ́pẹ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, wọ́n á sì máa gbá ara wọn mọ́lẹ̀ bí ẹní ń kó àpò ìrẹsì sọ̀ láti orí lọ́rì. Ẹni tí wọ́n bá gbá mọ́lẹ̀, òfin ní kó dìde, kó fẹsẹ̀ yí bọ́ọ̀lù sẹ́yìn. Pápá tiwọn ń jẹ́ Tẹ́ńtà Kirọ́ọ̀fù. Sàká kàn ń pè é ní Pápá Tẹ́ńtà, bí ẹní ń pe orúkọ àbúrò ẹ̀.

Lọ́dún 1980 ó wá ṣe Hájì, kò padà mọ́. Ó ń kó ẹrù ní èbúté Jídà láti Sátidé títí di Ọjọ́rú. Tó bá di Alàmísì, á bá lọ́rì oníyẹ̀fun wọ Mẹ́kà lọ bá ìyàwó ẹ̀, Àlàájà Níímọ̀tà, ní yàrá wọn ní Tandabáwì, níbi tí ìyá náà ti ń se ìrẹsì fún àwọn tó wá ṣe Hájì àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ní yàrá yẹn ni Sàká ti máa ń sọ ọ́. "Èmi ni nọ́ńbà márùn-ún. Èmi ni mò ń sáré létí ìlà. Odindi ọdún mẹ́fà."

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ẹ̀. Gbogbo Tandabáwì mọ̀ pé ọkùnrin mẹ́ta tó níwèé pípé, tó ní íkámà, ìwé ìgbélùú, lápò, ló fẹ́ fẹ́ Níímọ̀tà nígbà tó ṣì ń dá gbé, ó sì kọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Sàká tí ò ní bébà kankan ló mú. Tí wọ́n bá bi Sàká pé kí ló fi mú un, á na ẹsẹ̀, á ní: "Pápá Tẹ́ńtà ló mú un fún mi." Nítorí náà, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá já irọ́ nọ́ńbà márùn-ún yẹn, ilé Sàká lè má dúró mọ́. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó máa wu àwọn kan láti já a.

Nojeem wà lára wọn. Ọmọ Ìlọrin ni, ó ń kọ́ òfin ẹ̀sìn ní yunifásítì ní Mẹ́kà, Rusáífà ló ń gbé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ẹ̀ Uwais. Nojeem kì í gba nǹkan gbọ́ láìsí ẹ̀rí. Tí wọ́n bá ní òjò ń rọ̀, á kọ́kọ́ bèèrè pé ta ló rí i.

"Àlàájì," ó bi Sàká lọ́jọ́ kan, "ta ló rí yín níbi tẹ́ ẹ ti ń gbá a?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ èèyàn."

"Ẹ dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni mo pè é, Úsítáàsì. Àbí kí n máa bi wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó sáré ni?"

Bẹ́ẹ̀ sì ni Nojeem ò pa Alàmísì kan jẹ rí. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, nígbà tí ooru bá ti mú ògiri yàrá yẹn débi tó o lè fi din àkàrà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á nà sílẹ̀ lórí ẹní, ìrẹsì nínú ikùn. Sàká á fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ẹ dijú," á wí. Wọ́n á dijú.

"Òjò ń rọ̀. Kì í ṣe òjò ilé wa tó máa ń pariwo kó tó wọlé. Ti ibẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Ó kàn máa ń dúró sínú afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń ronú. Kùrukùru ń sọ̀ bọ̀ láti orí òkè, ó gba ẹ̀yìn ilé ìhunṣọ, ó wọ Pápá Tẹ́ńtà. Tó o bá dúró lápá ibí, o ò rí apá ọ̀hún. Àwọn èèyàn kàn ń yọ látinú funfun yẹn ni, orúnkún wọn á kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà imú wọn tó ti ṣẹ́. Èéfín ń jáde lórí wọn bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀. Ẹrẹ̀ tútù ń gba ihò bàtà wọlé, ó ń wá ọmọ ìka ẹsẹ̀ kéékèèké kiri. Koríko ń rùn bí ìgbà téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ iná bá wá tàn sínú òjò yẹn, ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ máa rò pé wúrà ni wọ́n ń kù láti òkè."

Níta, ọ̀dà títì ń yọ́. Lọ́jọ́ kan báyìí, Uwais la ojú kan, ó ń gbọ̀n. "Àlàájà," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní kúbùsù."

Lọ́dún 1995, Sàká wọlé ní Alàmísì kan, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó mú ewé ìwé ìròyìn kan tí epo ẹ̀rọ ti mu dání. Wọ́n já àpótí kan láti ìlú òyìnbó ní èbúté, ìwé yìí ni wọ́n fi wé irin inú ẹ̀. Ó jókòó ti Nojeem.

"Úsítáàsì, mo ní ìbéèrè lórí òfin."

"Ẹ bi mí, Àlàájì."

"Ẹni tó ń ṣàìsàn tí ò lè rìn, ṣé ẹlòmíì lè bá a ṣe Úmúrà?"

"Ó lè bá a ṣe é, tí ẹni tó fẹ́ ṣe é bá ti ṣe tara ẹ̀."

"Mo ti ṣe tèmi ju ogún ìgbà lọ. Ó dáa. Aláìsàn tí mò ń wí yìí, kò tiẹ̀ rìn rí."

Àánú ṣe Nojeem. "Súbúhánáláì! Àtìgbà tí wọ́n ti bí i?"

"Ojú kan náà ló wà."

"Ọlọ́run á fún un lálàáfíà. Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Tẹ́ńtà Kirọ́ọ̀fù."

Nojeem wò ó títí. "Àlàájì. Pápá?"

"Wọ́n fẹ́ tà á." Sàká na ìwé ìròyìn sí i. "Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìtajà síbẹ̀. Ibi tí wọ́n á ti máa ta tòmátì."

"Koríko ni, Àlàájì!"

"Koríko kì í ṣe ẹ̀dá Ọlọ́run ni?"

"Kì í ṣe Mùsùlùmí!"

"O ti bi í ni?"

Nojeem ṣí ìwé mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò sí èyí tó mẹ́nu ba pápá rọ́gíbì. Nígbẹ̀yìn ó ní kò sí bó ṣe lè bá pápá ṣe Úmúrà, ṣùgbọ́n àdúà, kò sẹ́ni tó lè ní kéèyàn má ṣe é. Sàká ní ìyẹn náà ti tó. Ó wọ aṣọ funfun méjì, ó ṣe Úmúrà ti ara ẹ̀, bó ṣe ń yí Káábà po ló ń bẹ Ọlọ́run sókè fatafata lórí ọ̀rọ̀ pápá. Ìyá arúgbó kan láti Indonéṣíà ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ bí ọkùnrin yìí ṣe ń pe Tẹ́ńtà Kirọ́ọ̀fù pẹ̀lú omi lójú, ó gbà pé ọmọ ẹ̀ ni. Ìyá náà gbọ́wọ́ sókè, ó bú sẹ́kún, ó ń ṣe "Àmín, àmín" títí wọ́n fi yípo tán.

Nígbà tí Sàká dé ilé, Nojeem ti ń yẹ ìwé ìròyìn wò. "Àlàájì, ìwé yìí ti lé lóṣù mẹ́rin. Wọ́n lè ti tà á kẹ́ ẹ tó wọ aṣọ."

"Ṣé inú ìwé ìròyìn ni Ọlọ́run ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ni?" Sàká ní. Ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ ò lọ sókè bí i ti tẹ́lẹ̀.

Látọjọ́ yẹn, kò sí àpótí tó tìlú òyìnbó wá sí èbúté tí Sàká ò tú bébà inú ẹ̀. Àwọn ọ̀gá tiẹ̀ yìn ín pé òṣìṣẹ́ gidi nìyí, ó ń yẹ ẹrù wò fínnífínní. Nígbà tó di ìgbà ooru, ó rí i. Àwòrán kan ni, katapílà dúró sáàárín Pápá Tẹ́ńtà, ó ti ṣí koríko ká bí ẹní ṣí ẹní. Sàká ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi sápò. Fún Alàmísì mẹ́ta gbáko, kò sọ nǹkan kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nà sílẹ̀, wọ́n dijú, òjò ò rọ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé ó ti pé ọdún kan tí fáànù Àlàájà Níímọ̀tà ti bàjẹ́.

Ní Alàmísì kẹrin, ó gbórí sókè. "Mo ti rílẹ̀," ó ní.

Ilẹ̀ òfìfo kan ni, lẹ́yìn ibi tí àwọn lọ́rì ń sùn sí nítòsí èbúté Jídà. Yanrìn ni, pẹ̀lú àwọn táyà tó ti kú. Ó kó àwọn tí wọ́n jọ ń gbẹ́rù síbẹ̀, ogún ọkùnrin, ó ní àwọn ni ẹgbẹ́ Hóòmúróìdì báyìí, ibí sì ni pápá ilé wọn. Ó gbé awọ fún oníṣọnà bàtà kan pé kó bá àwọn rán bọ́ọ̀lù tó rí bí ìbẹ́pẹ. Oníṣọnà rán an, ó wò ó, àánú wọn ṣe é. Nígbà tí wọ́n wá gbà á, ó ti tú u, ó ti tún un rán, ó rí rogodo. "Mo ti bá yín tún un ṣe," ó ní, "ẹ má san nǹkan kan lé e."

Nojeem ni wọ́n fi ṣe rẹfirí, wọ́n ní ẹni tó ń kọ́ òfin ló yẹ kó fi òfin dájọ́. Jímọ̀ kìíní, ọkùnrin kan gbé bọ́ọ̀lù la gbogbo wọn kọjá, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìlà. Ariwo ta. Nojeem fọn fèrè. "Ó kanlẹ̀?"

"Ó kanlẹ̀!"

"Ẹlẹ́rìí méjì dà? Tí kì í ṣe ara ẹgbẹ́ ẹ o."

Bí wọ́n ṣe gbá a fún wákàtí kan ààbọ̀ nìyẹn, wọ́n parí ẹ̀ sí òdo sí òdo, torí kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn níbẹ̀ àfi ewúrẹ́ kan.

Sàká fúnra ẹ̀ kì í gbá a. Ó ní orúnkún òun ò gbà mọ́. Ìlà lòun ń fà. Ó kó ẹfun tó ń dà sílẹ̀ lára àwọn àpò tó ya ní èbúté, ó lu ihò sídìí agolo mílíìkì ńlá kan, ó so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ ìkóyẹ̀ẹ̀pẹ̀. Ní gbogbo Jímọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé, á ti máa tì í lọ jẹ́jẹ́. Nojeem tètè dé lọ́jọ́ kan, ó dúró wò ó láti ọ̀ọ́kán. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́, oòrùn ń rọ̀, ọkùnrin náà sì ń rìn láìwẹ̀yìn, láìlo okùn, láìdúró. Ìlà funfun ń yọ jáde lẹ́yìn ẹ̀ lórí yanrìn, ó gún bí ìlà inú ìwé. Ó wá dà bíi pé ìlà náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé Sàká kàn ń ṣí aṣọ kúrò lórí ẹ̀ ni.

Ìṣòro kan ló wà. Igun kan pápá náà ò pé. Ìlà á máa bọ̀ dáadáa, tó bá kù díẹ̀ kó dé orígun, á kàn yà bàrá, bí ẹni pé wọ́n fi àdá gé e. Harun tó jẹ́ fọ́ọ́mànì wọn ló kọ́kọ́ pariwo. Mẹ́kà ni wọ́n bí Harun sí, Yorùbá ẹ̀ ò kọjá ti yàrá ìyá ẹ̀, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ yẹ̀yẹ́ ní gbogbo èdè.

"Yá Sàká! Ta ló gé igun yìí jẹ?"

"Ògiri ilé ìhunṣọ ló wà níbẹ̀."

"Ògiri dà?"

"Ní Hóòmúróìdì."

"Jídà la wà! Gbogbo ilẹ̀ yìí ló ṣófo! Fà á dénú òkun tó bá wù ẹ́!"

"Èmi mọ̀ pé Jídà la wà," Sàká ní. "Pápá ni kò mọ̀."

Kò sí ohun tí wọ́n ò sọ, kò tún un fà. Nígbà tó yá, wọ́n dákẹ́. Nígbà tó tún yá, tí ẹnikẹ́ni bá ń sáré bọ̀ níbi igun yẹn, á rọra yà kí orí ẹ̀ má baà gbá ògiri òyìnbó.

Harun lòun ò gbà. Ó ní òpùrọ́ ni Sàká, òun sì máa fi hàn án níṣojú ìyàwó ẹ̀. Ní 1997, òyìnbó ẹnjiníà kan dé sí èbúté wá tún kireni ṣe. Harun ní kí àwọn akọ̀wé bá òun bi í níbi tó ti wá. Ó ti ìtòsí Hóòmúróìdì wá. Inú Harun dùn débi pé ó fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ìdajì ọjọ́.

Jímọ̀ yẹn, lẹ́yìn Alásárì, gbogbo wọn ti pé. Àlàájà Níímọ̀tà pàápàá ti Mẹ́kà wá, ó jókòó sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù pẹ̀lú kúlà ìrẹsì. Harun mú òyìnbó dé, ọkùnrin gíga, oòrùn ti yan imú ẹ̀ pọ́n. Sàká rí i. Ojú ẹ̀ ṣú. Ó rọra sún mọ́ Nojeem.

"Úsítáàsì, mọ́tò Mẹ́kà wà báyìí?"

"Àlàájì, ẹ dúró."

Òyìnbó ò tíì wo ẹnikẹ́ni. Ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí àlejò tó ní sùúrù. Ó dé igun tó gé. Ó dúró. Ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú díẹ̀díẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sínú afẹ́fẹ́, bí ẹní fọwọ́ kan ògiri nínú òkùnkùn. Ó sọ̀rọ̀. Kíákíá ló ń sọ ọ́, láti inú imú, Gẹ̀ẹ́sì apá ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún. Nojeem nìkan ló rí i gbá mú.

"Kí ló wí?" Harun bèèrè.

Nojeem túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un. "Ó ní Pápá Tẹ́ńtà nìyí."

Ogún ọkùnrin ń wo afẹ́fẹ́ tó wà ní igun yẹn. Harun ló tún kọ́kọ́ jí. "Bi í! Bi í bóyá ó mọ Sàká níbẹ̀!"

Nojeem bi í. Òyìnbó yíjú, ó wo Sàká, ó tún un wò, ojú ẹ̀ wá là bí ojú ọmọdé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó ní ọkùnrin dúdú kan wà nígbà yẹn, tó máa ń wọ kóòtù gígùn àti fìlà. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, á jáde sínú òjò pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹfun, á fa ìlà yí pápá ká. Ó ní ìlà ẹ̀ gún tó fi jẹ́ pé tó bá fa èyí tó kẹ́yìn tán, tó ṣí fìlà, gbogbo èrò á dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ní láwọn ọdún yẹn, wọ́n ń na ẹgbẹ́ náà bí ẹní na aṣọ òfì, àwọn mìíì tiẹ̀ máa ń lọ sílé tí ìlà bá ti parí, torí wọ́n ti rí èyí tó dáa jù.

Kẹ̀kẹ́ ẹfun. Kò sí nọ́ńbà márùn-ún kankan.

Nojeem gbójú sókè. Sàká ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀. Níímọ̀tà ti dáwọ́ ìrẹsì bíbù dúró, ṣíbí wà lọ́wọ́ ẹ̀ lókè, ó ń wo ẹnu Nojeem. Harun ti ń fọwọ́ ra ọwọ́. Nojeem rántí pé òun ò purọ́ rí látìgbà tóun ti dé ilẹ̀ mímọ́, kò sì wù ú kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀.

"Ó ní òun mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ó ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń rí i. Ó ní tí Àlàájì Sàká bá parí iṣẹ́ lórí pápá yẹn, gbogbo èrò á dìde dúró, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un." Ó wo Sàká. "Ó ní àwọn mìíì, torí ẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe ń wá."

"Wàláì?" Harun ní.

"Wàláì tàláì."

Ariwo tó sọ, àwọn ẹyẹ etí òkun fò. Wọ́n gbé Sàká sókè, wọ́n ń gbé e yí pápá ká, Harun fúnra ẹ̀ wà lábẹ́ itan òsì. Òyìnbó náà ń pàtẹ́wọ́, kò mọ ohun tí wọ́n ní òun sọ.

Nígbà tí wọ́n ń ṣe àlùwàlá Mọ̀gírìbì, Sàká bá Nojeem níbi omi. "Úsítáàsì. Ẹ̀ṣẹ̀ wà ńbẹ̀?"

"Mo ṣì ń yẹ ìwé wò, Àlàájì."

"Tó o bá rí i, èmi ni kí wọ́n kọ ọ́ sí lọ́rùn." Ó bu omi sójú, ó pẹ́ kó tó ṣí i. "Má jẹ́ káwọn ọmọ yẹn mọ̀."

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Sàká kú, nínú oṣù Rájábù. Kò ṣàìsàn kankan téèyàn lè fojú rí. Ọ̀sán Alàmísì ni, ó jẹun, ó fẹ̀yìn ti ògiri yàrá Tandabáwì, ó dijú. Wọ́n rò pé ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà dijú, wọ́n ń retí òjò. Àwọn èèyàn tó kírun sí i lára ní mọ́sálásí Haramu pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè kà wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn ò sì mọ orúkọ ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn àdúà, wọ́n sọ̀rọ̀ ẹ̀ títí, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n lọ. Nojeem nìkan ló kù. Àlàájà Níímọ̀tà jókòó sórí ẹní, ó ń ṣa òkúta lára ìrẹsì.

"Àlàájà," Nojeem ní, "ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi. Ohun tí òyìnbó yẹn sọ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, mi ò túmọ̀ gbogbo ẹ̀. Mo fi nǹkan kan sílẹ̀."

"Kẹ̀kẹ́ ẹfun ni?"

Ẹnu Nojeem là sílẹ̀. "Ẹ mọ̀?"

"Ọjọ́ tó wá bá mi sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló ti sọ fún mi." Ìka ìyá náà ò dúró nínú ìrẹsì. "Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì fún mi wò, ẹfun ti jẹ ẹ́ ní àtẹ́lẹwọ́. Ó ní òun ò níwèé, òun ò nílé, ìlà nìkan lòun mọ̀ ọ́n fà. Mo wò ó pé ọkùnrin tó lè fa ìlà tó gún nínú òjò, tí ò bínú tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ rẹ́, tó tún padà wá fà á lọ́sẹ̀ kejì, ṣé ìyẹn ò lè bá mi gbé?"

"Kí ló dé tó wá ń sọ pé òun gbá a?"

"Ẹ̀yin ni, kí ni! Àwọn ọmọ èbúté ò jẹ́ kó sinmi, pé ipò wo ló gbá, ipò wo ló gbá. Ó wá bi mí léèrè ohun tóun máa sọ." Níímọ̀tà ti ń rẹ́rìn-ín, èjìká ẹ̀ ń mì. "Mo ní kó to gbogbo wọn fún mi kí n gbọ́. Ó to àwọn mẹ́tàlá. Àwọn tó wà níwájú, wọ́n ń forí gborí. Mo ní rárá. Àwọn tó wà láàárín, wọ́n máa ń kán wọn ní eegun ìhà. Mo ní má tiẹ̀ dá a láṣà. Ó to wọ́n títí, ó wá ku ẹnì kan tó máa ń dá dúró létí pápá lọ́hùn-ún, tó jìnnà sí wàhálà, tó jẹ́ pé kó kàn sáré ni. Mo ní òun ni kó máa jẹ́."

Ó dáwọ́ dúró, ó fi etí ìborùn nu ojú, ìrẹsì díẹ̀ já bọ́ sórí ẹní.

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n ṣe é léṣe," ó ní.